Igi òrí ẹbí wa, owó èédú, àti náírà tó ń yọ́: ẹ bá mi dá sí i

Akin_ÒkèÒgùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú látìgbà Iléyá, mo ní kí n gbé e wá síbí torí àwọn ọ̀mọ̀wé pọ̀ níbí, àwọn alátakò náà sì pọ̀ 😂

Ẹbí wa ní igbó kan ní Òkè-Ògùn, mi ò ní dárúkọ abúlé. Ti gbogbo agboolé ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Igi òrí ló pọ̀ jù níbẹ̀, apá àti igi irú náà wà. Látayé bàbá bàbá wa làwọn obìnrin ilé ti máa ń lọ ṣa èso òrí níbẹ̀ tí òjò bá ti ń dé, ẹni tó bá tètè jí ló ń ṣa púpọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wá dé lọ́dún yìí, wọ́n ní èédú làwọn fẹ́ sun, àwọn á sanwó lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fún àwọn ní gbogbo igi tó wà lápá ìsàlẹ̀. Owó yẹn ga lójú gan an, mi ò ní parọ́.

Wọ́n pèpàdé. Mọ́gàjí wa ò fẹ́, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí kí èèyàn gé igi òrí tó ń so. Ni bọ̀dá mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bá dìde, ó ní "Ẹ gé e o, ẹ ò gé e o, àwọn ará ibòmíì á gé e lóru. Owó tí wọ́n ń gbé wá yìí, tó bá dàmọ́dún kò ní ra ìdajì ohun tó ń rà lónìí, ẹ jẹ́ ká gbà á ká tètè fi ra nǹkan." Gbogbo ilé ní òótọ́ ni. Èmi gan an fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òótọ́ ni.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé náírà tó ń yọ́ yìí ló ń pa igbó lóòótọ́, àbí ojúkòkòrò wa la fi náírà bò mọ́lẹ̀?

Onísirò:
Bọ̀dá Akin, ẹ jẹ́ n bá yín ṣírò ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ 2022, èlé tí báǹkì àpapọ̀ fi ń darí owó nílẹ̀ yìí ò ju 11.5% lọ. Nígbà tó fi máa di November 2024 ó ti di 27.5%. Báǹkì tó máa yá èèyàn lówó á tún gbé tiẹ̀ lé e. Tí owó bá ń gun 27.5% lọ́dún, kò ní pé ọdún mẹ́ta kó tó di ìlọ́po méjì. Igi òrí ńkọ́? Ọdún 15 sí 20 kó tó so èso àkọ́kọ́, bíi 40 kó tó so dé ibi tó ń so dé. Kò sígi tó lè sáré pẹ̀lú èlé yẹn láyé.

Onímọ̀ ìṣirò kan wà ní Kánádà, Colin Clark, òun ló ti ṣe ìṣirò yìí fún ẹja àbùùbùtán ní 1973. Ohun tó rí kò dáa létí. Tí ẹja yẹn bá ń bí sí i ní ìwọ̀nba díẹ̀ lọ́dún, tí owó sì ń pọ̀ sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ ní báǹkì, ẹni tó ń lé èrè nìkan, ohun tó máa sàn fún un ni kó pa gbogbo wọn tán kó lọ kó owó sí báǹkì. Kì í ṣe pé ó burú o, kì í ṣe pé orí ẹ̀ dàrú, èlé ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àfìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní 1982 tí wọ́n fòfin dì í pé láti 1986 kẹ́nì kankan má pa á fún títà mọ́, kì í ṣe ọjà ló gbà á là.

Torí náà bọ̀dá yín tó sọ̀rọ̀ nípàdé, kò kàwé Clark ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí Clark mọ̀.

Baba_Tíìkì:
Onísirò, ọmọ mi, ìṣirò ẹ dáa àmọ́ ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Ta ló ń fún àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ní 27.5%? Báǹkì tó máa fún èèyàn lásán níyẹn ṣọ̀wọ́n. O sì gbàgbé apá kejì. Ọ̀wọ́n gógó ọjà tí ìjọba fúnra wọn kéde ní December 2024, 34.80% ni. Ìyẹn ni pé ẹni tó fowó sí báǹkì nígbà yẹn, tó ń gbèlé, òfò ló ń jẹ, ó kàn ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Èmi ní igi tíìkì bíi igba lẹ́yìn Ìbàdàn, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo gbìn ín. Àwọn oníṣòwò ń wá lójoojúmọ́, mi ò tà. Kí ni mo fẹ́ fowó ẹ̀ ṣe? Ní October 2005 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹgbẹ̀rún náírà jáde, bébà kan ṣoṣo yẹn ń ra dọ́là méje ó lé, lónìí kò ra odidi ẹyọ kan. Igi mi ga sí i láàárín ìgbà yẹn, bébà yẹn ò ga. Tíìkì mi ni báǹkì mi. Náírà tó ń yọ́ ló jẹ́ kí n MÁ gé igi. Ẹ wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Àbẹ̀kẹ́_Olórí:
Bàbá ẹ kú ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ti dá ara yín lóhùn ẹ ò mọ̀. Tíìkì yín, ẹ̀yin nìkan lẹ ni í. Ẹ ti ṣe ọgbà yí i ká, ẹ ní ọlọ́dẹ, tí ẹnì kan bá gé ọ̀kan ẹ máa pe ọlọ́pàá. Ẹ lè fi ṣe báǹkì torí kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ yín.

Igi òrí ti agboolé, ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀? Bí Akin bá ní òun ò gé tòun, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á gé e. Tẹ́gbọ́n ò bá gé e, àwọn elédùú á wá lóru pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgégi. Nítorí náà náírà kan náà tó ń yọ́, ó ń dáàbò bo igi tó jẹ́ tèmi, ó sì ń lé gbogbo wa sáré síbi igi tó jẹ́ tiwa. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó máa débẹ̀ bá kùkùté.

Iṣẹ́ òrí ni mò ń ṣe, mo ń ra èso lọ́wọ́ àwọn ìyá lóko, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tí igi bá ti jẹ́ ti gbogbo ilé nibi tó ti ń kọ́kọ́ pòórá.

Baba_Tíìkì:
Hmm. Mo gbà. Ìyẹn wọlé.

Múínátù_Ìbàdàn:
Èmi ni mò ń ra èédú yẹn o, kẹ́ ẹ má bàa máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa bú 😩 Mò ń se oúnjẹ tà, gáàsì ni mo fi ń se é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 2024 kílò kan ti ré kọjá ẹgbẹ̀rún náírà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú se ẹ̀wà àti ẹran, gáàsì wá ku ti tíì nìkan. Ẹni tó ń ta gáàsì fún mi ní dọ́là ni, gbogbo ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé dọ́là. Mi ò mọ igi tí wọ́n fi sun tèmi, kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ̀, nínú àpò ló ń bá mi. Wọn ò kọ "igi òrí ilé Akin" sí i lára.

Akin_ÒkèÒgùn:
Àǹtí Múínátù ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ sì ti bà mí nínú jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tíṣà_Ìtàn:
Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀ torí kì í ṣe òní ni owó ẹlòmíì ti ń wá kó ohun ilẹ̀ wa lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ tí à ń kà yìí, owó ẹyọ la fi ń kà á? Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sókùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ gérégé. Ẹyọ kékeré àtijọ́, erékùṣù Maldives ló ti ń wá. Ó jìnnà, kò rọrùn láti kó, ìdí tó fi níyì nìyẹn. Òkun fúnra ẹ̀ ló ń ṣọ́ iye owó tó wà nílùú.

Láti bíi 1845 lọ, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg ríran: ẹyọ míì wà ní Zanzibar, ó tóbi ju ti Maldives lọ díẹ̀, ó sì pọ̀ lọ súà, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń rà á. Wọ́n bá ń fi ọkọ̀ kó o wá sí Ouidah, sí Èkó, wọ́n fi ń ra epo pupa. Ẹ wò ó dáadáa. Epo yẹn, ilẹ̀ ló hù ú, òógùn àwọn obìnrin ló fọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n fi rà á, wọ́n kàn ń fi ṣọ́bìrì kó o létíkun ni. Títí ọ̀kẹ́ kan tó ń ra nǹkan gidi tẹ́lẹ̀ fi di ẹrù aláàárù lásán, owó tí èèyàn máa ná wúwo ju ọjà tó fẹ́ rà lọ. Àwọn tó ti fi gbogbo ayé wọn tọ́jú ọ̀kẹ́ sínú iyàrá, òfo ló bá wọn.

Ọ̀pẹ ò parun o, mi ò ní fi ìtàn parọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá lè ṣe owó láìsí òpin, tí ẹ sì gbà kó fi ra ohun tó lópin, ẹ̀yin lẹ máa sanwó náà nígbẹ̀yìn.

Ọmọ_Kétu:
Mo kí gbogbo ilé láti apá Benin. Tíṣà ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ da omi sí iná yín díẹ̀.

Owó tiwa, sẹfá, kì í yọ́. Wọ́n so ó mọ́ Euro láti 1999, 655.957 fún Euro kan, bẹ́ẹ̀ ló wà títí dòní. Ìgbà tí wọ́n já a lulẹ̀ gbẹ̀yìn ni January 1994, tí 100 sẹfá wá di faranki Faransé kan dípò 50, èèyàn sùn lówó ó jí ní ìlàjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dúró. Tó bá jẹ́ owó tó ń yọ́ nìkan ló ń pa igbó, igbó tiwa yẹ kó ṣì kún fọ́fọ́. Ẹ gba ọ̀nà Cotonou lọ sí Parakou kẹ́ ẹ wò, ẹ dé agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ báyìí, àpò èédú lẹ máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tò tò tò. Owó tó dúró gbọin, igi tó ń wó. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn náà.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tẹ́ ẹ tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, tó kúrò ní bíi 470 sí dọ́là kan tó sì ré kọjá 1,500 nígbà tó di 2024, gbogbo nǹkan tó wà lọ́dọ̀ yín wá dà bíi pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á fún wa. Sẹfá tí ò ra nǹkan kan tẹ́lẹ̀ wá ń ra ẹrù. Àwọn tó mọ bodè mọ̀ pé kò sí ohun tí wọn ò kó. Owó tó já, ńṣe ló ń ṣí ilẹ̀kùn igbó fún ẹni tí owó tiẹ̀ ò já.

Ẹ̀gbọ́n_Toronto:
Ọmọ Kétu sọ òtítọ́. Níbí náà, dọ́là Kánádà ò yọ́, èlé ò tó tiyín rárá, síbẹ̀ wọ́n pa ẹja kọ́ọ̀dù Newfoundland tán. July 1992 ni ìjọba ti í pa, bíi 30,000 èèyàn ló pàdánù iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún méjì ni wọ́n ní àwọn máa fi ti í. 2024 ni wọ́n tó ṣí i padà fún òwò. Ọdún 32! Ọkọ̀ ńlá ńlá tó ń fa ẹja nílẹ̀ òkun, àwọn tó ní wọn ti jẹ gbèsè ọkọ̀ yẹn, gbèsè ò sì gbọ́ pé ẹja ti tín-ín-rín, oṣù pé o gbọ́dọ̀ san. Èmi rò pé gbèsè ló yẹ ká máa bú ju owó yíyọ́ lọ.

Délé_Ọgbọ́n_Tuntun:
Ojútùú ẹ̀ rọrùn. Ẹ jẹ́ kí abúlé ṣe owó tiẹ̀. Ìlú kékeré kan ní Austria, Wörgl, ṣe é ní 1932, nígbà tí ebi ń pa gbogbo ayé. Olórí ìlú tẹ bébà jáde, bébà yẹn ń dín ní 1% lóṣooṣù, ẹni tó bá fi pamọ́ gbọ́dọ̀ ra sítáǹpù lẹ̀ mọ́ ọn kó tó lè ná an. Kò sẹ́ni tó tọ́jú ẹ̀, gbogbo èèyàn ń ná an, wọ́n fi ṣe títì, wọ́n fi kọ́ afárá. Báǹkì àpapọ̀ wọn ló bẹ̀rù, wọ́n dá a dúró ní 1933. Èrò ibẹ̀ ni pé tí owó bá ń jẹrà bí iṣu, èèyàn ò ní máa sọ igi àti ilẹ̀ di owó láti tọ́jú, ohun tó máa pẹ́ lá máa fi owó ṣe.

Onísirò:
Owó tó ń jẹrà 1% lóṣooṣù?? Délé, ibo lò ń gbé? 😂😂 Tiwa ń jẹrà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí sítáǹpù kankan. Wọ́n ti ṣe é fún wa láìbéèrè lọ́wọ́ wa.

Délé_Ọgbọ́n_Tuntun:
Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre, ó yàtọ̀. Tiwọn, iye ọjà ò yí padà, bébà ló ń dín. Tiwa, ọjà ló ń gun.

Onísirò:
Lójú ìyá tó fẹ́ ra gààrí, kí ni ìyàtọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Olórí:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká padà sórí igi Akin. August 2025 ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso òrí tútù lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà, wọ́n ní ká máa fọ̀ ọ́ nílé ká tó tà á. Nàìjíríà ló ń mú nǹkan bíi 40% èso òrí ayé wá, ìpín tí ń kàn wá nínú owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Èrò yẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó lè ṣe lóko: bí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ nílé ò bá tíì pọ̀ tó, ta ló máa ra èso lọ́wọ́ àwọn ìyá? Bí èso ò bá sì lówó lórí, igi tó ń so ó di igi ìdáná. Elédùú ò ní pẹ́ dé. Akin, ẹ kọ́kọ́ lọ bi àwọn ìyá tó ń ṣa èso yẹn iye tó ń wọlé fún wọn lọ́dún. Mo lè búra pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n nípàdé yẹn. Owó elédùú, ọwọ́ àwọn ọkùnrin ló ń bọ́ sí. Owó èso, ọwọ́ àwọn ìyá. Ẹ ò lè dá a mọ̀ pé owó ta lẹ fẹ́ fi san owó ta?

Akin_ÒkèÒgùn:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹnu mi dí. Lóòótọ́ kò sí obìnrin kankan nípàdé yẹn àfi ìyá àgbà tó gbé obì wá.

Tíṣà_Ìtàn:
Elinor Ostrom, obìnrin Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọrọ̀-ajé ní 2009, obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á, iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe nìyí: ohun àjùmọ̀ní tó pẹ́ tí ò bàjẹ́, kí ló mú un pẹ́? Ó sọ nípa abúlé kan lórí òkè ní Switzerland, Törbel. Láti 1517 ni wọ́n ti ní òfin pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kó màálù lọ sí pápá gbogbo ìlú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju iye tó lè fi koríko tiẹ̀ bọ́ nígbà òtútù.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé koríko ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọn ò fowó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tó ra ọgọ́rùn-ún màálù, tí ò bá ní koríko òtútù, ilé ni màálù ẹ̀ máa wà. Owó ìlú lè yọ́, ó lè gun, ọba lè kú kí òmíì jẹ, òfin yẹn ò mọ̀ ọ́n. Àwa náà ní irú ẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn ìyá tó ń ṣa èso nílé Akin, ẹni tó tètè jí ló ń ṣa púpọ̀, iye tí orí èèyàn lè rù ni òpin ẹ̀. Nígbà tí owó àti ọkọ̀ ajágbé dé ni òpin yẹn já.

Ọmọ_Kétu:
Ìyẹn ló ṣàlàyé tiwa. Sẹfá dúró, òpin ló já. Ẹ ṣeun tíṣà.

Akin_ÒkèÒgùn:
Ẹ̀yin tèmi, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mo sì ka díẹ̀ nínú ẹ̀ sétí bọ̀dá mi lórí fóònù, ó bínú, ó tún rẹ́rìn-ín.

A ti ṣèpàdé kejì, àwọn ìyá wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá àgbà kan ló dìde, ó ka iye àpò èso tí òun nìkan ṣa lọ́dún tó kọjá àti iye tó fi rán ọmọ ọmọ ẹ̀ lọ sílé ìwé. Ibẹ̀ dákẹ́. Àwọn elédùú ò ní gé igi tútù, igi tó ti kú fúnra ẹ̀ àti èyí tí ìjì wó nìkan la tà fún wọn, owó ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tàkọ́kọ́. Kí ìpàdé tó parí ẹnì kan ti wá sọ pé igi apá méjì ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò lóru, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gé e, ìyẹn gbogbo wa mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n a ò dárúkọ. Wọ́n ní ká wá ọlọ́dẹ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa sanwó ọlọ́dẹ la ṣì ń jà lé lórí.

Owó igi gbígbẹ yẹn, wọ́n ní kí n má fi sí báǹkì, gbogbo ilé fẹnu kò. Bọ̀dá mi ló dá a lábàá, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. A ti fi ra màálù méjì fún agboolé.

Baba_Tíìkì:
Ẹ kú oríire. Ibo làwọn màálù yẹn ti ń jẹko?

Akin_ÒkèÒgùn:
…Nínú igbó yẹn ni, bàbá.

Tíṣà_Ìtàn:
Akin, ṣé ẹ ní koríko òtútù?